Kọ̀rọ̀, igun àti kọ́lọ́fín: èwo ni ibi tó fara sin tó sì tún tura?

Atúmọ̀-Ìwé kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè wa. Mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan tó dá lórí bí a ṣe ń to inú ilé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kò sì jẹ́ kí n sùn. Ọ̀rọ̀ náà ni "nook". Bí ìwé yìí ṣe lò ó, ibi kékeré kan ni, ní ẹ̀gbẹ́ yàrá tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí ògiri yí ká níhà méjì tàbí mẹ́ta, tí ènìyàn lè jókòó sí láìsí pé ẹni tó ń kọjá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí ara rẹ̀ yóò sì balẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà, mo kọ "kọ̀rọ̀ ìkàwé".

Olóòtú tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò fi àmì pupa sí i. Ó ní ẹni tó bá ka "kọ̀rọ̀" yóò rò pé ohun tí kò tọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ó sì ní kí n fi "igun" rọ́pò rẹ̀. "Igun ìkàwé" kò dùn létí mi rárá, ó ń rán mi létí iṣẹ́ ìṣirò ní ilé ìwé. Ṣé òótọ́ ni pé kọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn pátápátá? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń pe ibi tó fara sin tí ó sì tura?

Olùkọ́-Èdè fèsì pé:

Ẹ kú làálàá iṣẹ́ ìtumọ̀. Olóòtú yín kò sọ̀rọ̀ láìní ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gba ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí. Bí a bá fẹ́ mọ ìwà ọ̀rọ̀-orúkọ kan, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá a rìn. Olè a máa lúgọ sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa sá sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí wọn kò kà sí mọ́ nínú ẹbí tàbí nínú ẹgbẹ́, a ní wọ́n ti tì í sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ kí ẹnì kan wí pé òun sinmi ní kọ̀rọ̀. Abẹ́ ibòòji ni a ti ń sinmi, ìyẹ̀wù ni a ti ń sùn.

Kọ́lọ́fín tún jinlẹ̀ ju kọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé ibi tí ojú kò lè dé àfi bí a bá dìídì wá a lọ ni. Ibùba ní tirẹ̀ ti gbé èrò ibi sínú láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ba sílẹ̀ de ẹlòmíràn ló ni ín, ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ ìwé yín rárá.

Ní ti igun, ibi tí ìlà méjì tàbí ògiri méjì ti pàdé ni. Ìdí nìyí tí a fi ní onígun mẹ́ta, òkúta igun ilé, àti orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Kò sí ìfarasin kankan nínú rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tí a kì í sábà kíyè sí: igun ní inú, ó sì ní òde, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ kò ní òde. Ọmọdé lè sáré kí ó fi orí gbá igun tábìlì, kò sí bí ó ṣe lè fi orí gbá kọ̀rọ̀ tábìlì láyé. Ènìyàn ní láti wọ inú kọ̀rọ̀ kí ó tó lè sọ pé òun wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ibi tí a ń wọ̀, tí a sì ń jókòó sí, igun kò lè gbé e.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n apá kan ilé ni ẹ gbá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti jẹ́ kí àwọn olè gba kọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, wọn kì í bá àgbàlagbà wí ní ojú ọmọ. Wọn a pè é sí kọ̀rọ̀, wọn a sọ ohun tí wọ́n ní í sọ fún un, yóò sì jáde pẹ̀lú iyì rẹ̀ lára. Ẹni tó bá fẹ́ ran aláìní lọ́wọ́, tí ó sì gbọ́n, kọ̀rọ̀ ni yóò ti fi nǹkan lé e lọ́wọ́, kí ojú má bàa ti ẹni tó gbà á. Tọkọtaya tí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń yanjú rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Ìyá ọmọ tuntun tí àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ a gbé ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan láti fún un lọ́mú ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí?

Ojú ni kọ̀rọ̀ ń sá fún, kò sá fún òtítọ́. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá dára, kọ̀rọ̀ a dára, bí ó bá burú, kọ̀rọ̀ a gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ mi atúmọ̀-ìwé, padà lọ bá olóòtú rẹ, kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá gbangba ni ó ti máa ń ka lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i.

Olùkọ́-Èdè fèsì pé:

Ẹ kú ọgbọ́n, Mà. Mo gba gbogbo àpẹẹrẹ yín. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo wọn, ohun tí kọ̀rọ̀ fún ènìyàn ni ààbò kúrò lójú ẹlòmíràn, kò sọ ohunkóhun nípa bóyá àga ibẹ̀ rọ̀ tàbí ó le. Ẹni tí wọ́n pè sí kọ̀rọ̀ lè dúró lórí ìdúró títí wọn yóò fi bá a wí tán. Ìtura kò sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ìbàjẹ́ náà kò sì sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń pinnu.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni a ti ń fura sí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 26:26, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń rojọ́ níwájú Àgírípà ọba, ó sọ pé ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ kì í ṣe ohun tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nínú èdè Gíríìkì ni "gōnia", èyí tí í ṣe igun gan-an, igun ilé àti igun òpópónà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo Òwe 21:9, níbi tí wọ́n ti sọ pé kí ènìyàn máa dá gbé ní igun orí òrùlé sàn ju kí ó bá aláriwo gbé inú ilé kan náà lọ. Nínú ẹsẹ kan, igun jẹ́ ibi àṣírí. Nínú èkejì, igun jẹ́ ibi àlàáfíà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn àti òjò ń pa ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọmọ-Ìgboro fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a kò lè pè é ní "kọ́nà" kí gbogbo wa sì lọ sùn? Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́-Èdè fèsì pé:

A mọ̀ ọ́n fún ibi tí títì ti yà, níbi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Ẹ kò lè fi ìwé àti tìmùtìmù síbẹ̀.

Ayàwòrán-Ilé fèsì pé:

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ilé, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n wo ibi tí à ń wí yìí fúnra rẹ̀ kí a tó padà sórí orúkọ rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ kí ènìyàn jókòó sí ibì kan nínú yàrá kí ó má sì tètè dìde, nǹkan díẹ̀ ni mo ń ṣe. Mo ń rí i pé ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní yé wẹ̀yìn. Mo ń mú kí àjà ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti yàrá yòókù lọ díẹ̀. Mo ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dá yàtọ̀, kí ó tàn sórí ọwọ́ àti ìwé ju kí ó tàn sí ojú lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, mi ò jẹ́ dí iwájú rẹ̀ pa: ẹni tó jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀, ìbáà jẹ́ láti ojú fèrèsé tàbí láti inú yàrá ńlá. Bí a bá yọ ohun ìkẹyìn yìí kúrò, iyàrá ẹrù ló kù. Onímọ̀ kan nípa ilẹ̀ àti àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jay Appleton, gbé àbá kan jáde ní 1975 tó bá èyí mu: ó ní ibi tí ó máa ń wu ènìyàn láti dúró sí ni ibi tí ó ti lè rí ìta dáadáa nígbà tí àwọn tó wà ní ìta kò rí òun.

Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pa mí lẹ́rìn-ín. Bí olè ṣe ń lúgọ gan-an ni òǹkàwé ṣe ń jókòó: ẹ̀yìn sí ògiri, ara nínú òkùnkùn díẹ̀, ojú sí ìta. Kọ̀rọ̀ kan náà ló gba àwọn méjèèjì.

Mo tún ní èrò kan nípa ìdí tí Yorùbá kò fi so ìfarasin pọ̀ mọ́ ìtura nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá sábà máa ń ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kéré tàbí kí ó má sí rárá, nítorí pé oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí àgbàlá ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni àgbà ti ń na ẹ̀yìn lórí ẹní nígbà tí oòrùn bá mú. Òrùlé bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí ló pé síbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àárín ènìyàn ni ìtura wà, kọ̀rọ̀ sì jẹ́ ibi tí ìkòkò àti àpótí ń gbé. Àwọn ará ilẹ̀ tútù ní tiwọn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ilé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààrò inú ilé fẹ̀ débi pé wọ́n ń gbé ìjókòó sí inú rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì iná, kí ara lè móoru. "Inglenook" ni wọ́n ń pe ibẹ̀, "ingle" sì jẹ́ iná ààrò ní èdè àwọn ará Scotland. Òtútù ló lé wọn wọ kọ̀rọ̀, ìfẹ́ ìdánìkanwà kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè-Òkèèrè fèsì pé:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa inú àti òde igun ta mí jí, nítorí pé àwọn ará Sípéènì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá wà nínú yàrá tí ẹ wo ibi tí ògiri méjì ti pàdé, "rincón" ni. Bí ẹ bá wà ní ìta tí ẹ ń yí ilé náà po, ibi kan náà ti di "esquina". Ẹni tó bá fẹ́ dá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní títì yóò dárúkọ "esquina", ẹni tó bá fẹ́ sọ nípa ibi tí ó fẹ́ràn nínú ilé rẹ̀ yóò dárúkọ "rincón". Àwọn ọmọ tó ṣe àìgbọràn náà, "rincón" ni wọ́n ń rán wọn lọ láti kọjú sí ògiri, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ru ìtura, ó sì ru ìjìyà.

Èdè Lárúbáwá ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. "Zāwiya" túmọ̀ sí igun. Láti orí igun tí àwọn olùfọkànsìn ń fà sẹ́yìn sí láti ṣe ìrántí Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò di orúkọ ilé tí àwọn Súfì, ìyẹn àwọn olùfọkànsìn nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Zāwiya Ahmad al-Tijani, olórí Súfì tó dá ẹgbẹ́ Tijaniyya sílẹ̀, tó sì kú ní 1815, wà ní ìlú Fez ní Mòrókò títí di òní, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì máa ń lọ síbẹ̀ fún àbẹ̀wò. Igun ti di ilé ńlá, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí orúkọ náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Àwọn ará Scotland ń pe "nook" ní "neuk", wọ́n sì ní agbègbè kan ní Fife, ní etíkun ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń pè ní East Neuk. Etíkun tó nà wọ inú òkun ni, àwọn ìlú apẹja kéékèèké bíi Crail àti Pittenweem ló wà níbẹ̀, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ lù wọ́n láti ìhà púpọ̀. Kò sí ohun tó fara sin níbẹ̀. Ní 2009, nígbà tí ilé ìtàwé Barnes & Noble ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀ jáde, Nook ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ògiri, tí ènìyàn lè gbé kiri! Ohun tí wọ́n ń tà ni ìrònú ibi tí a jókòó sí ka ìwé.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Ẹ̀rọ ni wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀? Ó dára. Kí olóòtú yẹn gbọ́ ná.

Atúmọ̀-Ìwé fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun méjì ni mo tún fẹ́ bi yín. Ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa yàrá kékeré kan nínú ilé ọtí ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní "snug". Ó ní nígbà tí àwùjọ kò fẹ́ kí obìnrin jókòó mutí láàárín àwọn ọkùnrin, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń wọ̀, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sì máa ń ṣú kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohunkóhun tó bá móoru tó sì bá ara mu. Kí ni mo lè pe èyí? Ìkejì ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dé ibi gbogbo, "nooks and crannies". Ṣé "gbogbo kọ̀rọ̀ àti kọ́lọ́fín" tọ́?

Oníròyìn-Rédíò fèsì pé:

Ìkejì yẹn jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wa. Kò sí olóṣèlú tí kì í ṣe ìlérí pé òun yóò gbé iṣẹ́ dé gbogbo "nooks and crannies", àwa náà sì ti mọ bí a ṣe ń dá a lóhùn: "gbogbo ẹsẹ̀ kùkú", tàbí "tibú tòòró". Bí ó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n ní kí a gbá gbogbo ibi tí ìdọ̀tí lè sá sí, "gbogbo kọ̀rọ̀ àti kọ́lọ́fín ilé" bá a mu gan-an, nítorí pé ìdọ̀tí náà ń fara pamọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ìjọba gbé iṣẹ́ dé gbogbo kọ̀rọ̀ àti kọ́lọ́fín ìpínlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ rédíò yóò béèrè ìdí tí ìjọba fi ń yọ́ ṣe é.

Lórí "snug", ẹ má ṣe lo "bòńkẹ́lẹ́", nítorí pé ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ti gba gbogbo ìfura tó wà nílẹ̀. Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀: "kọ̀rọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nínú ilé ọtí". Níbí yìí, ìfarapamọ́ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ayàwòrán-Ilé fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìwé náà bá dárúkọ "alcove", ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ "nook". Inú ògiri ni wọ́n gbẹ́ ìyẹn sí tàbí tí wọ́n fi ògiri mọ yí ká, ibùsùn lè wọ inú rẹ̀ odidi. Láti "al-qubba" ti Lárúbáwá, tí í ṣe òrùlé rìbìtì, ni ó ti gba Sípéènì di "alcoba", tí í ṣe yàrá ìbùsùn, kí ó tó gba ilẹ̀ Faransé dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹ̀wù kékeré tó ṣí sí yàrá ńlá ni mo máa ń pè é fún àwọn oníbàárà mi, wọn kì í sì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Atúmọ̀-Ìwé fèsì pé:

Ó yé mi. Èyí ni mo kọ ránṣẹ́ padà sí olóòtú: ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti yọjú, mo kọ pé "ẹ lè ṣe kọ̀rọ̀ ìkàwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀rọ̀ tó fara sin, tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ó sì tura". Lẹ́yìn ibẹ̀, "kọ̀rọ̀ ìkàwé" nìkan ni mo ń lò. Ti ojú fèrèsé mo pè ní "ìjókòó ojú fèrèsé". Èyí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mo fi sílẹ̀ ní "abẹ́ àtẹ̀gùn", nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Olóòtú ti gbà á, ó ní nígbà tí "ìkàwé" bá ti tẹ̀ lé e, òun kò rí olè níbẹ̀ mọ́.

Olùkọ́-Èdè fèsì pé:

Ẹ kú oríire. Ẹ yọ "tó fara sin" kúrò nínú gbólóhùn yẹn. Kọ̀rọ̀ tí kò fara sin kì í ṣe kọ̀rọ̀, ẹ sì ti sọ ọ́ nígbà tí ẹ dárúkọ rẹ̀. "Tó tura" ni kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ náà kò lè dá sọ fúnra rẹ̀.